Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Oṣù: Ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú Ìwádìí Àwọn Plánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáàrà

Ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Ifangni, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà mọ Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń tàn lẹ́bàá oṣù nírọ̀lẹ́. Nítorí pé ó ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn a máa pè é ní ajá oṣù. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Plánẹ́ẹ̀tì ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ayé wa, ọ̀nà tirẹ̀ ló sì ń tọ̀ yí oòrùn ká.

Irú àṣìṣe yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn nípa ọkọ̀ ojú ọ̀run ń ṣe sí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dárúkọ wọn, bí ẹni tó kàn ń tẹ̀lé ọlọ́lá lẹ́yìn ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ ẹ̀rí méjì wò, ọ̀kan láti Málì, ọ̀kan láti Sẹ̀nẹ̀gàl, kí a lè mọ ibi tí ọwọ́ wa dé àti ibi tí kò tíì dé.

2. Atukọ̀ láti Nioro

Ọdún 1952 ni wọ́n bí Cheick Modibo Diarra ní Nioro du Sahel, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Málì lónìí. Ó kàwé ní Paris àti ní Yunifásítì Howard ní Washington, kó tó di òṣìṣẹ́ Jet Propulsion Laboratory, níbi tí NASA ti ń darí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú. Iṣẹ́ atukọ̀ ló ṣe níbẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí ni Magellan, Ulysses, Galileo, Mars Observer àti Mars Pathfinder.

Irú atukọ̀ yìí kì í wọ ọkọ̀. Orí ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Rédíò ni ojú rẹ̀. Iye àkókò tí ìró rédíò fi lọ tó fi bọ̀ ni yóò fi mọ bí ọkọ̀ ti jìnnà tó. Bí ìró náà bá sì ṣe ń ga tàbí tó ń lọ sílẹ̀ ni yóò fi mọ bí ó ti ń sáré tó. Lẹ́yìn ìṣirò, a ó pàṣẹ kí ẹ̀rọ kékeré ara ọkọ̀ taari rẹ̀ díẹ̀. Àṣìṣe bíńtín tó láti pa ọkọ̀ run. Ní 1999, Mars Climate Orbiter ṣègbé ní Máàsì nítorí pé apá kan lo òṣùwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì sì lo ti mítà. Ẹni tó bá ń ná ọjà ní Ìgòlò, létí ààlà, kò ní ṣàì mọ wàhálà tí òṣùwọ̀n méjì lè dá sílẹ̀.

Magellan dé Àgùàlà ní oṣù kẹjọ ọdún 1990. Kùrukùru bo plánẹ́ẹ̀tì náà, ojú kò lè rí ilẹ̀ rẹ̀. Rédà ni ọkọ̀ náà fi ya ìdá 98 nínú 100 ilẹ̀ ọ̀hún kó tó parí iṣẹ́ ní 1994. Mars Observer kò ṣorí ire bẹ́ẹ̀: ó dákẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Máàsì. Ní July 4, 1997, Pathfinder gúnlẹ̀ níbẹ̀, Sojourner, rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, sì yí jáde nínú rẹ̀.

3. Òjìji lórí Sẹ̀nẹ̀gàl

Ìrìn àjò ni ìtàn Diarra. Ti Sẹ̀nẹ̀gàl yàtọ̀: iṣẹ́ ló wá bá wọn nílé. Ọkọ̀ New Horizons, tó kọjá lẹ́bàá Plútò ní 2015, ń lọ bá òkúta kékeré kan tí a wá sọ ní Arrokoth. Ó jìnnà débi pé kò sí awò tó lè fi bí ó ti rí hàn. Ṣùgbọ́n ní August 4, 2018, òkúta náà yóò kọjá níwájú ìràwọ̀ kan, òjìji rẹ̀ yóò sì gba orí Sẹ̀nẹ̀gàl àti Kòlóńbíà kọjá.

Àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Faransé dára pọ̀ mọ́ ti Sẹ̀nẹ̀gàl, Maram Kaire wà lára wọn, wọ́n sì tò àwọn awò sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ìràwọ̀ bá ti ṣẹ́jú, òjìji dé ibẹ̀. Ibi tí kò bá ti ṣẹ́jú, kò dé ibẹ̀. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó mọ ìwọ̀n òkúta náà àti ibi tó wà. Ní January 1, 2019, ọkọ̀ náà kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 3,500 sí i. Ní 2021, wọ́n fi orúkọ Kaire sọ ásítẹ́rọ́ìdì kan: 35462 Maramkaire.

4. Ìgúnlẹ̀

Kí a má fi ìgbéraga ba ìtàn jẹ́. Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè wa tó tíì rán ọkọ̀ sí plánẹ́ẹ̀tì kankan. NASA ló ni Magellan, òun náà ló ni New Horizons. Ṣùgbọ́n níní ọkọ̀ àti títu ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó bá sì fi ti ọlọ́kọ̀ nìkan kọ ìtàn ti gbàgbé atukọ̀. Èdè Faransé ni Diarra fi kọ ìtàn ara rẹ̀. Bí àwa náà kò bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ọmọ Ìfọ̀nyìn tó bá gbójú sókè lálẹ́ yóò máa rò pé ajá oṣù ni òun ń wò, kò sì ní mọ̀ pé ọmọ Málì kan ti bá wọn tukọ̀ débẹ̀.