Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí: Ìtàn Aago Iwájú Awakọ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tí wọ́n là àti àwọn olówó tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn àwọn aago tó wà níwájú awakọ̀, lórí ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bá ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀. Lóde òní tí àwọn ọ̀dọ́ ń ra ojú dígí tó ń tàn yòò láti fi kún aago àtilẹ̀bá tàbí láti fi rọ́pò rẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ohun tí aago wà fún gan-an. Lójú tèmi, ìtàn ti dáhùn: aago tó dára kì í ṣe èyí tó ń fi nǹkan púpọ̀ hàn, bí kò ṣe èyí tó ń jẹ́ kí awakọ̀ ṣe ohun tó yẹ kí ó tó pẹ́ jù.

Aago tí ọlọ́kọ̀ fi owó ara rẹ̀ rà

Ní ọdún 1902 ni Otto Schulze, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aago eré tó ń fi agbára òòfà gbé abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ Model T ní ọdún 1908, aago iwájú awakọ̀ kò tó nǹkan. Ọdún 1919, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ iná tó ń ta ọkọ̀ jí sí i, ni aago tó ń wọn iná bátìrì tó wọ inú rẹ̀. Kò sí aago ooru rárá. Omi rédíétọ̀ lè gbẹ tán, kí awakọ̀ má mọ̀ títí èéfín yóò fi bo ojú rẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Harrison Boyce, ló wá ojútùú sí i ní nǹkan bí ọdún 1912. Ó ṣe òṣùwọ̀n ooru kan sára ìdérí rédíétọ̀, lóde, níwájú ọkọ̀. Bí ooru bá ti ń pọ̀ ni omi pupa inú rẹ̀ ń gòkè, awakọ̀ yóò sì máa wò ó láti orí ìjókòó rẹ̀. Ẹgbàágbèje ọlọ́kọ̀ ló ra òṣùwọ̀n yìí tí wọ́n sì fi sí ọkọ̀ wọn. Bàbá ńlá gbogbo aago àfikún tí à ń rí lónìí nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń sọ, ṣùgbọ́n nǹkan náà ni ikú ẹ́ńjìnnì.

Ayé bọ́lẹ̀kájà

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ní ọdún 1906. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní agbègbè Oǹdó àti Àkúrẹ́, lọ́rí ló ń kó o jáde. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwọn káfíńtà wa ló sì ń fi pákó kan ara rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà ni a ń pè é. Aago inú rẹ̀ kéré níye, èyí tó bá sì bàjẹ́ kì í sábà rí àtúnṣe. Etí ni awakọ̀ fi ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, imú ló fi ń gbóòórùn ohun tó ń jó, mọ́tòbọ́ì ló sì ń wá omi fún rédíétọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè.

Ọgbọ́n ńlá ni ọgbọ́n yẹn, n kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Bí ọ́ìlì kò bá ní agbára mọ́, irin ti ń họ irin kí etí tó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí awakọ̀ bá gbọ́ kò-kò-kò, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Máìlì àti kìlómítà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún rìn lójú pópó. Ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá òsì ló wá di ọkọ̀ ìgbà, gbogbo aago sì bá sítíárì lọ. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílé. Ní agbègbè wa níhìn-ín, a kò lè gbàgbé Olóyè Michael Adé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, aládùúgbò Ìpògùn, tó dá ilé-iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní ọdún 1971, tó sì wá di gbajúmọ̀ nínú títa Toyota.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ dé. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fún un, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ó gbé èdè ibi tí wọ́n bí i sí wá. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń ka máìlì ní oǹkà ńlá, kìlómítà sì wà ní oǹkà kékeré lábẹ́ rẹ̀. Òfin wa sọ pé kí a má kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú. Awakọ̀ tó bá rí 50 ní oǹkà ńlá tó sì fọkàn balẹ̀, 80 kìlómítà ló ń sá. Aago náà kò parọ́. Èdè ni kò yé ara wọn.

Ohun tí pápá eré ìje kọ́ wa

Ibi tí wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ aago jinlẹ̀ jù lọ ni pápá eré ìje ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 160 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 44 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí àyè láti ka oǹkà. Nítorí náà, àwọn eléré ìje àtijọ́ a máa yí aago wọn po títí tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi nàró ṣánṣán nígbà tí gbogbo nǹkan bá dára. Èyí tó bá tẹ̀ ni wọ́n ń rí. Wọ́n tún ní aago tó ní abẹ́rẹ́ kejì, tó máa ń dúró síbi tí ẹ́ńjìnnì yí dé jù, kí mẹkáníìkì lè mọ ohun tí awakọ̀ fi ẹ́ńjìnnì ṣe.

Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé ọ̀nà kan jáde tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lè fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. Láti ìgbà náà, ojú dígí kan lè gba ipò aago mẹ́wàá. Ní ọdún 1996, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojúhò kan tí a lè ti ka ohun tí ọpọlọ ọkọ̀ mọ̀. Òun ni ojúhò tó wà lábẹ́ sítíárì àwọn tòkunbọ̀ wa.

Yíyàn àti fífi síbẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ojú dígí yìí sí ọkọ̀ eré ìje, tàbí sí ọkọ̀ tó ń gun òkè Ìdànrè, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Èyí tí a kàn ń kì bọ ojúhò rọrùn, ó sì lè sọ ooru omi àti iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò lè sọ agbára ọ́ìlì, nítorí iná pupa lásán ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fi sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì.

Sẹ́ńsọ̀ ni ẹlẹ́rìí, ojú dígí kàn ń rò fún un ni. Bí omi bá ti jò tán, sẹ́ńsọ̀ ooru lè máa wọn afẹ́fẹ́, kí ó sì sọ pé ara tutù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n fi ń wo omi pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kí ó tó jáde. Kí a tó de sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tì í bọ omi tó ń hó. Bí ojú dígí kò bá sọ iye tó súnmọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó ń ṣe wáyà gbọ́dọ̀ fi fíúsì sí i, kí ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ irin tó mọ́, kí ó sì jẹ́ kí wáyà sẹ́ńsọ̀ jìnnà sí ti púlọ́ọ̀gì. Kí a gbé e síbi tí ojú lè dé láìkúrò lójú ọ̀nà, kì í ṣe síbi tí àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là yóò ti fọ́n jáde. Lákòótán, kí a ṣètò iná pupa ńlá kan fún ooru àti òmíràn fún ọ́ìlì. Ohun yòówù tó bá kù, ẹ̀ṣọ́ ni.

Láti orí ìdérí rédíétọ̀ ti Boyce títí dé ojú dígí òní, iṣẹ́ kan náà ni. Alákàn kò ní ojú púpọ̀. Ibi tó yẹ ló ń gbé méjèèjì sí.