Ètò Ẹ̀kọ́ Barbados: Ọmọ Ń Dínkù, Ìpele Kò Yẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ará Barbados léèrè ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó àjórẹ̀yìn, oṣù August ọdún 2013 ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ. Nínú ètò ìṣúná tí ìjọba kà lóṣù náà ni wọ́n ti gbọ́ pé láti ọdún 2014, ọmọ onílẹ̀ tó bá wọ Yunifásítì West Indies ní Cave Hill yóò máa fi owó ara rẹ̀ kún owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí Cave Hill, ìjọba ló sì ti ń bá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà san owó yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìkéde náà dun àwọn àgbà wọ egungun, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ogún tí Errol Barrow, tó gba òmìnira fún wọn ní 1966, fi sílẹ̀ fún ìlú. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé já wálẹ̀ lọ́gán. Nígbà tí Mia Mottley gorí àléfà ní 2018, ìjọba rẹ̀ dá ẹ̀tọ́ náà padà, àwọn kan sì mí kanlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2013 burú, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, àárín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ètò ẹ̀kọ́ Barbados ní ìdí ti wà ṣáájú gbèsè ìjọba. Àwọn ilé-ìwé girama rẹ̀ wà lórí ara wọn bí ìgbésẹ̀ àkàsọ̀, ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì ń sọ ìgbésẹ̀ tí ọmọ ọdún mọ́kànlá yóò dúró lé.

Erékùṣù náà kéré. Kìlómítà 34 ni gígùn rẹ̀ láti àríwá dé gúúsù, nǹkan bí 280,000 ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní Bridgetown ló ń darí gbogbo rẹ̀. Òfin sọ pé kí ọmọ wà ní ilé-ìwé láti ọdún márùn-ún títí di ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìjọba ló ń sanwó olùkọ́, òun ló ń yá ọmọ ní ìwé kíkà, òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Samuel Jackman Prescod sọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969. Orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́ kí a tó máa ka àléébù.

Ibi tí àkàsọ̀ náà ti wá ni ó yẹ kí a dúró wò dáadáa. Christopher Codrington kú ní 1710, ó sì fi oko ìrèké méjì àti àwọn ẹrú inú wọn sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ kí ìjọ Áńgílíkà fi dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ìjíhìnrere tó gba oko náà fi irin gbígbóná tẹ ọ̀rọ̀ náà SOCIETY sí àyà àwọn ẹrú, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni wọ́n. Òógùn wọn ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Nígbà tí òmìnira ẹrú dé ní 1834, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìjọ lówó láti 1835 kí wọ́n fi kọ́ àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ níwèé, ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fawọ́ sẹ́yìn. Ní 1875, Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ilé-ẹ̀kọ́ Codrington sábẹ́ rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó gba Fourah Bay ní Freetown, ibi tí Samuel Ajayi Crowther ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àlùfáà Yorùbá sì tún kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Durham kan náà ló fi oyè dá àwọn ọmọ tó jáde ní ibi méjèèjì lọ́lá.

Bíṣọ́ọ̀bù John Mitchinson ni alága ìgbìmọ̀ tó yẹ ètò ẹ̀kọ́ erékùṣù náà wò ní 1875. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1878 tó tẹ̀lé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ló fi ọwọ́ ìjọba to àwọn ilé-ìwé girama sí ipò kìíní àti ipò kejì. Harrison College àti Lodge bọ́ sí ipò kìíní, Queen's College tí wọ́n ṣí fún àwọn ọmọbìnrin ní 1883 sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Látìnì àti Gíríìkì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ojú wọn sì wà lára Oxford àti Cambridge. Combermere àti irú rẹ̀ wà ní ipò kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí yóò di akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ilé ìtajà. Ọmọ tálákà ní tirẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti tó o, àfi díẹ̀ nínú wọn tó bá rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà. Lọ́dún 1879, wọ́n gbé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Barbados Scholarship kalẹ̀ sí téńté àkàsọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe to ètò náà, ìpele ẹ̀kọ́ bá ìpele ìdílé mu.

Inú ètò yìí ni Barrow fúnra rẹ̀ ti jáde, nítorí ọmọ Harrison College ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wọlé ìbò ní oṣù December ọdún 1961. Nígbà tí ilé-ìwé fi máa wọlé ní January 1962, ìjọba ti fagi lé owó ní gbogbo ilé-ìwé girama tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ àwọn tó ń gé ìrèké jókòó ti ọmọ máníjà oko lórí àga kan náà. Ẹni tí kò mọ bí awọ ara àti owó ṣe pín Barbados yẹ́leyẹ̀lẹ ṣáájú ìgbà náà kò ní mọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ti pọ̀ tó. Àwọn dókítà, adájọ́ àti mínísítà tó darí erékùṣù náà fún ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ èso oṣù January yẹn. Iṣẹ́ ńlá ni. Mi ò tíì rí ìjọba púpọ̀ tó ṣe irú rẹ̀ láàárín oṣù kan.

Síbẹ̀, owó nìkan ni Barrow mú kúrò lẹ́sẹ̀ àkàsọ̀ náà. Àkàsọ̀ fúnra rẹ̀ kò yẹ̀. Ní 1959, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé girama, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Common Entrance tàbí Eleven-Plus. Nígbà tí owó kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́, ìdánwò náà nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1950 bákan náà, wọ́n ti kọ́ irú ilé-ìwé mìíràn, irú St Leonard's àti Princess Margaret, fún àwọn ọmọ tí ilé-ìwé girama kò gbà, iṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ́ jù. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí wọn ni orúkọ "ilé-ìwé tuntun" ti ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, kò sì sí òbí tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, "tuntun" ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n.

Ẹni tó bá dé Barbados ní ọjọ́ ìdánwò yìí, tó sábà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù May, yóò rí ohun tí mò ń wí. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe é ní ilé-ìwé tiwọn, ilé-ìwé girama ni wọ́n ń kó wọn lọ, àwọn àga ibẹ̀ sì ga jù fún ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á ṣe ìṣirò, wọ́n á ṣe Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á kọ àròkọ kan. Àwọn ìyá àti ìyá àgbà á máa dúró lẹ́nu géètì nínú oòrùn, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí èsì bá dé, ìwé ìròyìn á gbé fọ́tò ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó gba máàkì jù sójú ewé àkọ́kọ́. Ní September, yunifọ́ọ̀mù á sọ ìyókù fún gbogbo ẹni tó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Fairchild Street. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀ á mọ iye tó gbà, ní erékùṣù tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù tí aládùúgbò ń wò tìyanutìyanu mọ̀ ọ́n lára, ọmọ tí wọ́n ń wò tàánútàánú náà sì mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìdínkù gan-an ni pé àwọn ọmọ fúnra wọn ń tán lọ. Ní 1960, ọmọ tí wọ́n bí ní Barbados lé ní 7,000. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, iye náà kì í tó 3,000. Okùnfà rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹgbẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti wà níbẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1950. Láti 1956 ni àjọ tó ń wa bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń wá òṣìṣẹ́ lọ sí Barbados, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó bímọ nílé sì lọ bímọ ní Brixton. Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà fúnra rẹ̀: obìnrin tó bá ka ìwé títí dé yunifásítì kì í bí ọmọ mẹ́fà. Àṣeyọrí 1962 wà lára ohun tó sọ kíláàsì di òfìfo.

Àìtó àyè ló bí Common Entrance. Nígbà tí ọmọ pọ̀ tí àga kò tó, ohun kan ní láti wà tí wọn yóò fi yan ẹni tó máa wọlé. Lónìí, àyè ilé-ìwé girama wà fún gbogbo ọmọ tó ń ṣe ìdánwò náà. Kò sí ẹni tí yóò jókòó sílé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún ìdánwò náà ni láti tọ́ka sí ẹni tó máa lọ sókè àti ẹni tó máa wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ kan náà tí òfin 1878 gbà ṣe. Bí ọmọ sì ti ń dínkù, àwọn ilé-ìwé tí orúkọ wọn ti pẹ́ ń kún bí i ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń gba gbogbo àdánù náà mọ́ra.

Owó tún wá bá a. Ní 1991, ìjọba Erskine Sandiford, olùkọ́ tó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rí, gé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ sì wà lára wọn. Ní 2001, àwọn tó ń wá olùkọ́ fún New York dé sí Jàmáíkà àti Barbados. Nígbà tó di 2002, àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth pàdé ní Barbados láti wá bí orílẹ̀-èdè ńlá kò ṣe ní máa kó olùkọ́ orílẹ̀-èdè kékeré lọ. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé, tí eérú òkè ayọnáyèéfín La Soufrière láti St Vincent sì tún bo erékùṣù náà ní April 2021. Nínú gbogbo rẹ̀, ilé-ìwé tó ní ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lówó rí ẹni ràn án lọ́wọ́. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì tí wọ́n sì ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń wo ojú ìjọba.

Ìjọba ti kéde pé òun fẹ́ fòpin sí Common Entrance, àríyànjiyàn rẹ̀ sì gbóná. Àwọn tó ń gbèjà ìdánwò náà ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní òun nìkan ni ohun tí ọmọ alágbàtà ẹja ní Oistins lè fi borí ọmọ lọ́yà, pé bí wọ́n bá mú un kúrò, ojúlùmọ̀ ni wọn yóò fi máa wọ Harrison College. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, níwọ̀n ìgbà tí Harrison College bá ṣì jẹ́ ibi tí ènìyàn lè máa wá ojúlùmọ̀ tìtorí rẹ̀. Nítorí náà, ìdánwò kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ìjọba kan náà ni gbogbo olùkọ́ erékùṣù náà ti ń gbowó oṣù, ìjọba náà ló sì lágbára láti gbé wọn láti ilé-ìwé kan sí òmíràn. Ó lò ó lẹ́yìn tí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé Alexandra daṣẹ́ sílẹ̀ ní January 2012: ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọ́n sì gbé ọ̀gá ilé-ìwé náà àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ kúrò kí ìjà lè parí. Àṣẹ kan náà ló lè gbé ọ̀jáfáfá olùkọ́ físíìsì lọ sí Princess Margaret nítorí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, kí ìwé tó fàṣẹ sí i sì ti dé tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé kí September tó ń bọ̀ tó pé.