Ibi tí Orúkọ "Man O' War" ti Wá: Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Etí Òkun àti Orí Òkè

Kò sí àgùnbánirọ̀ tí kò mọ Man O' War. Àwọn ni wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ sáré ní ìdájí ní ibùdó, tí wọ́n ń mú wọn gun okùn, tí wọ́n ń mú wọn fo kòtò, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé jagunjagun ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun ojú omi ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ náà ni wọ́n sì fi pe ibì kan tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ nítòsí ìlú Victoria, ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù. Níbẹ̀ ni a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1951, nígbà tí apá gúúsù Kamẹrúùnù ṣì wà lábẹ́ ìṣàkóso kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn náà láti orísun, nítorí lójú tèmi, ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa lónìí kò ju ìdajì ohun tí a jogún lọ.

Jámánì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí Kurt Hahn ní ìlú Berlin ní ọdún 1886, sínú ìdílé Júù. Ó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Salem, níbi tí a ti ka ìwà kún ju máàkì ìdánwò lọ. Nígbà tí Hitler ń gòkè bọ̀, Hahn kò dákẹ́. Wọ́n tì í mọ́lé ní ọdún 1933, nígbà tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, ó sá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Gordonstoun sílẹ̀ ní Scotland.

Ogun àgbáyé kejì ni ó sọ èrò rẹ̀ di ìrìnàjò orí òkè àti ojú omi. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì ń ri àwọn ọkọ̀ ẹrù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lawrence Holt, ọ̀kan nínú àwọn olówó ọkọ̀, ṣàkíyèsí ohun kan tí ó yà á lẹ́nu: nínú àwọn tí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí a fi ń sá àsálà, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni ó ń tètè kú, àwọn àgbà atukọ̀ sì ń yè é. Ó gbà pé agbára kọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe aláìní. Wọn kò tíì bá ìyà pàdé rí kí wọ́n sì rí i pé ó ń kọjá. Ní ọdún 1941, òun àti Hahn ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Aberdovey, ní Wales. Wọ́n pè é ní Outward Bound, orúkọ tí àwọn atukọ̀ fi ń pe ọkọ̀ tí ó ti kúrò ní èbúté tí ó dojú kọ agbami. Nǹkan bí oṣù kan ni ẹ̀kọ́ náà: títu ọkọ̀ kékeré, fífi máàpù àti kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà, rírin orí àwọn òkè, àti dídóòlà ẹ̀mí ẹni tí ó wà nínú ewu.

Ẹni tí ó gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ni Alec Dickson. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn ní Gold Coast kí ó tó dé Man O' War Bay. Ìṣòro tí ó dojú kọ yàtọ̀ sí ti Holt. Kì í ṣe ikú lójú òkun. Alákọ̀wé tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé mẹ́fà nígbà náà, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ojú rẹ̀ wà, a sì máa tijú láti ru amọ̀ bí baba rẹ̀ ti ń rù ú.

Nítorí náà ni a ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ lọ sí etí òkun yẹn. Ẹ fojú inú wo ibẹ̀. Òkè Kamẹrúùnù ga ju 4,000 mítà lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé láti etí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ní Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè náà, òjò tí ń rọ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 10,000 mílímítà; àwọn ibi tí òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ẹni tí ó bá ń gùn ún yóò kọ́kọ́ la igbó kìjikìji kọjá, yóò bọ́ sí pápá koríko, lẹ́yìn náà òkúta dúdú tí iná yọ́ ni yóò máa tẹ̀, nítorí òkè ayọnáyèéfín ni. Òtútù orí rẹ̀ kò jọ ọyẹ́ rárá.

Kí ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn? Lójú tèmi, ohun àkọ́kọ́ ni pé òjò kò mọ ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì yàtọ̀ sí akọ̀wé kékeré. Èkejì ni pé ẹgbẹ́ kì í yára ju ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù lọ nínú wọn. Ẹni tí ó bá sáré síwájú yóò dúró de àwọn yòókù nínú òtútù. Ó di dandan kí ó padà sẹ́yìn wá gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnìkejì. Olùkọ́ lè sọ èyí ní kíláàsì fún ọdún mẹ́ta kí ó má wọ ẹnikẹ́ni létí.

Ṣùgbọ́n gígun òkè nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ń ṣe iṣẹ́ ìlú fún àwọn ará abúlé, iṣẹ́ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ìdí tí wọ́n fi ń gun òkè hàn nínú iṣẹ́ abúlé náà.

Ọdún 1951 yẹn kì í ṣe ọdún kékeré. Òun ni ọdún tí a fi òfin Macpherson lọ́lẹ̀, tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣí ojú rẹ̀ sí gbangba ní Ọ̀wọ̀, tí NPC sì di ẹgbẹ́ òṣèlú ní Àríwá. Bí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ti ń fa tirẹ̀ mọ́ra, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ó ń so ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa àti ọmọ Kamẹrúùnù pọ̀ mọ́ okùn kan.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a pọ́n ọn kọjá ààlà. Òyìnbó tí ó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn ni ó ń kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ aṣáájú, nígbà tí àwọn òyìnbó kò tíì gbé àga aṣáájú sílẹ̀. Kò pé ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba yẹn pa awakùsà 21 ní Enugu. Ní ọdún 1949 kan náà, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn ti mú kí Aláké kúrò lórí ìtẹ́. Ta ni ó kọ́ wọn? Wọn kò gun òkè kankan. Ọkùnrin ni Man O' War Bay sì kọ́kọ́ ń gbà. Mo gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ náà dára. N kò gbà pé òun ni ó bí aṣáájú nílẹ̀ wa.

Èrò pé igbó lè jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa. Ẹ rántí ìwé tí D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, gbé jáde ní ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ẹ̀bùn tirẹ̀: Kàkó ní kùmọ̀, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ní ohùn, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n. Nígbà tí wọ́n dé òkè náà, kì í ṣe wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ méje ni wọ́n lò nílé Ìrágbèje, tí ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ kíyè sí i pé nítorí ìlú ni wọ́n ṣe lọ, kì í ṣe láti dán agbára ara wọn wò. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà dé ilé; Fágúnwà kò tan ọmọdé jẹ lórí ewu.

Ìdìbò oṣù kejì ọdún 1961 ni ó gba etí òkun náà lọ́wọ́ Nàìjíríà. Àwọn ará gúúsù Kamẹrúùnù yàn láti dara pọ̀ mọ́ Orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, àjọ náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ilẹ̀ wa: ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè ní Shere Hills lẹ́bàá Jos, ti ojú omi ní Àpápá. Àwọn tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Man O' War sílẹ̀. Dickson ti kúrò ṣáájú ìgbà náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Mora, ni wọ́n dá VSO sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1958.

Nígbà tí ìjọba Gowon dá NYSC sílẹ̀ ní ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò jìnnà sí ti ibi okùn kan yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ó wà pọ̀ ti pínyà. Okùn àti kòtò wà ní ibùdó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ ìlú ń bọ̀ lẹ́yìn, ní ibòmíràn, pẹ̀lú àwọn ènìyàn mìíràn, ó sì sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì. Àwọn tí wọ́n jọ gun okùn kì í jọ ṣe afárá. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gun òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú wọn, ìbéèrè tí n óò kọ́kọ́ bi í ni iṣẹ́ ta ni wọn yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti etí òkun náà, ìlú Victoria di Limbe ní ọdún 1982. Òkè ibẹ̀ yọ iná ní ọdún 1999, ó yọ ọ́ ní ọdún 2000, ó sì tún yọ ọ́ ní ọdún 2012.