Canon 5D Mark II àbí Mark III: Èwo ló yẹ kí onífọ́tò òde rà?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò òde ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ máa ń bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra Mark II tòkunbọ̀ báyìí, àbí kí n ní sùúrù títí owó á fi tó Mark III?" Owó àjọ ni ẹlòmíì fẹ́ fi rà á, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Ibi tí wọ́n ti jọra

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni Canon kéde Mark II. Mark III tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2012. Full frame ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú wọn tóbi tó ojú fíìmù 35mm àtijọ́. Megapixel 21.1 ni ti Mark II, 22.3 ni ti Mark III. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan. Oníbàárà ò lè rí i nínú álúbọ́ọ̀mù. Lẹ́ǹsì EF àti bátìrì LP-E6 kan náà ni wọ́n ń lò, torí náà ẹni tó bá fi Mark II bẹ̀rẹ̀ ò ní da lẹ́ǹsì rẹ̀ nù lọ́jọ́ iwájú.

Mark II kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé o. Òun ni DSLR Canon àkọ́kọ́ tó ya fídíò 1080p. Lọ́dún 2010, òun ni wọ́n fi ya apá tó kẹ́yìn sáà kẹfà House, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Àmì fókọ́ọ̀sì 9 ló wà nínú Mark II, 61 ló wà nínú Mark III. Tí ìyàwó bá ń jó wọlé nínú gbọ̀ngàn tí iná ò mọ́lẹ̀ dáadáa, àmì àárín Mark II nìkan lẹ lè gbọ́kàn lé. Fọ́tò 3.9 ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Mark III ń ya 6. ISO Mark II dé 6400, ti Mark III dé 25,600, láì tíì fẹ̀ wọ́n sí i. Mark III tún lè yà láìpariwo, èyí tó dáa fún ṣọ́ọ̀ṣì àti níkáà.

Ṣùgbọ́n káàdì ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò kan péré, ti CF, ni Mark II ní. Mark III ní méjì, CF àti SD, ó sì lè kọ fọ́tò kan náà sórí méjèèjì.

Mo ti jìyà èyí rí. Mo fi Mark II ya ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo padà dé Ìkòròdú, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan lórí káàdì. A rí díẹ̀ gbà padà, àmọ́ ibi tí bàbá ti ń súre fún ọmọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo dá owó padà. Owó kọ́ ni ọmọbìnrin náà ń béèrè lọ́wọ́ mi.

Èwo ni kí ẹ rà?

Tó bá jẹ́ fọ́tò ọjọ́ìbí, ti stúdíò tàbí ti ojúmọmọ lẹ̀ ń yà, Mark II tó yín. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó lẹ fi ń jẹun, ẹ ní sùúrù de Mark III.

Tí agbára ò bá tíì ká a, ẹ lo káàdì kéékèèké, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bí òde bá ṣe ń lọ. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ títí oníbàárà á fi gba iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ ṣọ́tà. 150,000 ni Canon fún àwọn méjèèjì. Ẹ ya ògiri funfun láti wo àbàwọ́n. Ẹ tan iná sínú ihò CF: tí irin tín-ín-rín kan bá ti tẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà yẹn sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.