Ó kọ ìwé lórí tẹ́tẹ́, tẹ́tẹ́ ò sì fi í sílẹ̀: bí Dostoevsky ṣe jáwọ́

1/ Ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. Ó gùn díẹ̀ o 🧵

Òǹkọ̀wé kan wà ní Rọ́ṣíà láyé ọjọ́un, Fyodor Dostoevsky lorúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ta tẹ́tẹ́. Ó fi òrùka ìgbéyàwó dógò, ó fi aṣọ ìyàwó ẹ̀ dógò. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1871, ó jáwọ́. Kò padà sídìí ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 1881.

Báwo ló ṣe jáwọ́? Àlàyé táwọn èèyàn sábà máa ń ṣe kò pé. Ibi tó kù yẹn gan-an ló máa wúlò fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

2/ Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Ní 1849, ìjọba tì í mọ́lé torí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Wọ́n mú òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ síwájú àwọn oníbọn bíi pé wọ́n fẹ́ pa wọ́n, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ ni wọ́n sọ pé ọba ti dárí ikú jì wọ́n. Ó wá ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ní Siberia.

Kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa padà síbẹ̀.

3/ Ní 1863, ó ń lọ sí Paris, ó wá yà sí Wiesbaden ní Jámánì. Roulette ni wọ́n ń ta níbẹ̀: kẹ̀kẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ bí àwo, tí nọ́ńbà yí i ká. Wọ́n á yí i, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù wẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ẹ̀. Nọ́ńbà tó bá dúró sí ló jẹ.

Ó jẹ o! Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó jẹ ju 10,000 francs lọ. Ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń ṣàìsàn. Ó kọ lẹ́tà sílé pé òun ti mọ àṣírí ẹ̀, pé kò le rárá: kéèyàn ṣáà fara balẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí ara òun gbóná.

4/ Kò pẹ́, ó dé Baden-Baden, ó sì pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀. Ó wá tún kọ lẹ́tà sílé pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá díẹ̀ padà nínú owó tí mo fi ránṣẹ́.

Ṣé ẹ rí "àṣírí" yẹn? Bọ́ọ̀lù ò mọ ẹni tó fara balẹ̀. Nọ́ńbà 36 àti òdo ló wà lórí roulette. Tóo bá mú nọ́ńbà kan tó sì wọlé, ìlọ́po 35 ni wọ́n máa san. Orí òdo yẹn ni onílé tẹ́tẹ́ ti ń jẹun. Bó o bá dákẹ́ bíi ti ìyá ìjọ, bó o bá ń pariwo bíi ti agbèrò, òdo yẹn ò kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ń ta "sure odds" fún yín lórí Telegram, àṣírí yẹn náà ló ń tà.

5/ Ní 1864, ìyàwó ẹ̀ kú. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Mikhail náà kú, ó sì fi gbèsè rẹpẹtẹ sílẹ̀. Dostoevsky ní òun á san án. Ẹrù gbèsè wá di tiẹ̀.

Ibí ni tẹ́tẹ́ ti rí ilé kọ́ sí. Kò rí i bí eré mọ́. Ó ń wò ó bí ọ̀nà kan ṣoṣo tí òun lè fi san gbogbo gbèsè tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

6/ Ní 1865, ó tọwọ́ bọ àdéhùn kan tó burú jáì pẹ̀lú atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Stellovsky. Ó gba 3,000 roubles. Bí kò bá kọ ìwé ìtàn tuntun kan fún un títí di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1866, Stellovsky á máa tẹ gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án láìsan kọ́bọ̀.

Ó mú díẹ̀ nínú owó yẹn, ó di Wiesbaden. Ọjọ́ márùn-ún, ó ti tán. Òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí kọ̀ láti fún un lóúnjẹ mọ́, tíì nìkan ni wọ́n ń gbé fún un.

7/ Nígbà tí oṣù kẹwàá 1866 fi máa dé, kò tíì kọ lẹ́tà kan nínú ìwé Stellovsky. Wọ́n bá a wá ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan, Anna Snitkina, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kíákíá béèyàn ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá ń sọ, ọmọbìnrin ń kọ. Ọjọ́ 26 ni wọ́n fi parí ìwé náà.

Ẹ fojú inú wo àkọlé ẹ̀: *The Gambler*. Ìwé lórí atatẹ́tẹ́!

8/ Ibi tí mo ń lọ rèé. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo ẹ̀. Ó mọ bí ọkàn ṣe máa ń lù kìkì tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí. Ó mọ irọ́ téèyàn máa ń pa fún ara ẹ̀ pé "ọ̀la ni màá fi gbà á padà". Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ṣì ń kà dòní.

Ó sì tún fi ọdún márùn-ún sí i ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn ìwé náà.

Nítorí náà, ẹ yéé sọ fún atatẹ́tẹ́ pé "ṣé o ò mọ̀ pé ò ń ba ayé ara ẹ jẹ́ ni?" Ó mọ̀. Ó tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

9/ Anna fẹ́ ẹ ní oṣù kejì ọdún 1867. Lóṣù kẹrin, wọ́n sá kúrò ní Rọ́ṣíà nítorí àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Anna ló fi àwọn ẹrù ìgbéyàwó ẹ̀ dógò kí wọ́n lè rówó ọkọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, wọ́n lo bí ọ̀sẹ̀ méje ní Baden-Baden. Anna ń kọ ohun tójú ẹ̀ ń rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Yẹtí lọ. Òrùka lọ. Aṣọ lọ. Tó bá jẹ, wọ́n á lọ gbà wọ́n padà. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n tún ti wà nílé onídógò.

Á dé láti ilé tẹ́tẹ́, á kúnlẹ̀, á sunkún, á ní olè lòun, òun ò tún ní lọ mọ́. Á wá ní, "Ṣáà fún mi ní kékeré sí i."

10/ Ní 1868, wọ́n bí ọmọ kan ní Geneva, Sofia. Oṣù mẹ́ta péré ló lò láyé. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Mo mẹ́nu bà á torí pé a máa ń rò pé tí ìbànújẹ́ ńlá bá dé, atatẹ́tẹ́ á ronú. Ìbànújẹ́ dé, ó bà á lọ́kàn jẹ́ gan-an, kò sì jáwọ́.

11/ Oṣù kẹrin ọdún 1871 wá dé. Inú ẹ̀ bà jẹ́, iṣẹ́ ò lọ. Anna fúnra ẹ̀ ló yọ 100 thaler fún un nínú ìwọ̀nba owó tó kù nílé pé kó lọ sí Wiesbaden. Obìnrin náà mọ̀ pé owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ó lọ lóòótọ́. Anna fi 30 thaler ránṣẹ́ kó fi wọ ọkọ̀ padà sílé. Ó ta ìyẹn náà, gbogbo ẹ̀ jóná.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń sáré kiri nínú òkùnkùn, ó ń wá àlùfáà ìjọ Rọ́ṣíà. Ó rò pé òun ti rí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó máa wò ó dáadáa, ilé ìjọsìn àwọn Júù ni. Ó ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi tútù lé òun lórí.

12/ Ó padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ó kọ lẹ́tà sí Anna. Ó ní òun ti rí bàbá òun lójú àlá tó bani lẹ́rù. Ó ní ohun tó ti ń da òun láàmú láti bí ọdún mẹ́wàá ti kúrò lára òun. Ó tún bẹ̀bẹ̀ fún 30 thaler míì 😭 Anna tún fi ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ló fi owó náà lọ.

Ibí ni wọ́n sábà máa ń parí ìtàn ẹ̀ sí. Ó lálàá, ó jí, ó jáwọ́. Àmín.

Ẹ dúró ná. Ṣé kò ti búra tẹ́lẹ̀ ni? Ó ti búra títí ẹnu ẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́! Kí ló dé tí tọ̀tẹ̀ yìí dúró? N ò sọ pé ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e.

13/ Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ jìnnà sí ibẹ̀. Oṣù keje 1871, wọ́n padà sí Rọ́ṣíà. Nígbà tí ọdún 1872 fi máa parí, òfin Jámánì ti ti àwọn ilé tẹ́tẹ́ wọ̀nyẹn pa. Láti 1874, nígbà tó tún ń lọ sí Ems ní Jámánì láti tọ́jú àìsàn àyà ẹ̀, kò sí roulette tó ṣílẹ̀kùn dè é mọ́.

14/ Ìkejì, ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn olówó dé bí eṣú. Anna ní kí wọ́n máa wá bá òun, kí wọ́n fi ọkọ òun sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun á ti ọkọ ẹ̀ mọ́lé. Anna ní kò burú, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa san owó oúnjẹ ẹ̀ níbẹ̀? Olówó gbà kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ 😂

15/ Ìkẹta, gbèsè rí ọ̀nà míì gbà lọ. Ní 1873, tọkọtaya yìí tẹ ìwé tiwọn fúnra wọn, ẹ̀dà 3,500, wọ́n ń tà á látinú ilé. Anna ló ń bá àwọn òǹtàwé dúnàádúrà. Ó tó ọdún bíi mẹ́jọ, mẹ́sàn-án kí gbèsè tó tán, nígbà tó kù bí ọdún kan kí ọkọ ẹ̀ kú.

Ohun tí tẹ́tẹ́ ṣèlérí pé òun á ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà. Àmọ́ ó ṣẹlẹ̀.

16/ Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má kà á lódì o. Ìtàn yìí ò sọ pé kí ẹ wá "Anna" tó máa fara da ìyà. Gbogbo ọdún tí Anna fi ń mú sùúrù, tó ń fún un lówó, tó ń fi yẹtí dógò, tẹ́tẹ́ ń lọ ní tiẹ̀. Ìgbà tí àpamọ́wọ́ bọ́ sọ́wọ́ Anna pátápátá ni ilé dúró.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ apá yẹn dáadáa. Sísan gbèsè tẹ́tẹ́ fún un lábẹ́ aṣọ, àfikún owó tẹ́tẹ́ ni.

17/ Ẹ jẹ́ ká wá fò dé Amẹ́ríkà, ọdún 1957. Ọkùnrin méjì tí tẹ́tẹ́ ti sọ dìdàkudà pàdé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wọn déédéé láti sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó padà síbẹ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní Los Angeles. Bí Gamblers Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn: wọ́n á jókòó tì í, á ka gbogbo gbèsè ẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, wọ́n á bá a ṣètò bó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Tó bá ní ìyàwó tàbí ọkọ, wọ́n á pe onítọ̀hún sí i.

Ó jọ ohun tí Anna ṣe, àbí kò jọ ọ́?

18/ Ní 1972, dókítà ọpọlọ kan, Robert Custer, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún sí ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Brecksville, ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1980, àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn. Ní 2013, wọ́n gbé e sí abala kan náà pẹ̀lú bárakú ọtí àti oògùn olóró.

Ọ̀rọ̀ 2/ tí mo ní a máa padà sí nìyí. Ẹni tó dúró níwájú ìbọn tí kò kú, tó ṣẹ̀wọ̀n ní Siberia, kò rí kẹ̀kẹ́ kékeré kan borí. Tẹ́ ẹ bá ń pe ẹ̀gbọ́n yín ní aláìnírònú, ẹ rántí ẹ̀.

19/ Ó wá kan ìwọ tíkẹ́ẹ̀tì ẹ já lánàá, tó o ń wá ẹni tó máa yá ẹ ní owó tó o máa fi "gbà á padà".

Dostoevsky ní láti wọ ọkọ̀ ojú irin kó tó dé Wiesbaden. Wiesbaden tìẹ wà nínú fóònù, ó ń bá ẹ sùn. Nítorí náà, gbé e jìnnà. Ní kí wọ́n ti àkáǹtì tẹ́tẹ́ yẹn pa, yọ àpù ẹ̀ kúrò, bọ́ sílẹ̀ nínú gbogbo gúrúùpù tí wọ́n ti ń pín odds.

20/ Fi káàdì ATM àti owó oṣù sọ́wọ́ ẹni kan tó o fọkàn tán, kó máa yọ owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ fún ẹ. Sọ iye gbèsè ẹ fún ẹnì kan, iye gangan, má yọ odò kan kúrò níbẹ̀. Tó bá wá le débi tó o ti ń ronú àtikú, má dá gbé e. Sọ fún ẹni tó wà nítòsí báyìí, kó sìn ẹ́ lọ sí ọsibítù.

21/ Má sì dúró de àlá. Bàbá yẹn lálàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àlá ló kù kí ẹnì kan di àpamọ́wọ́ mú, kí ẹnì kan jókòó ti àwọn olówó, kí wọ́n máa ta ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tí thread yìí kàn, ẹ má tag rẹ̀ sábẹ́ ibí o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì bi í pé èló ló kù.