Ọ̀tá Tí Ń Gbé Inú Irin

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Òwe yìí bá irin mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Irin ní ìtàn ní Àgbádárìgì. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí a fi de àwọn ẹrú kí a tó kó wọn kọjá òkun ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ìdógùn-ún ni ọ̀tá irin tí gbogbo wa mọ̀, nítorí pé ojú ni a fi ń rí i. Ọ̀tá kejì kì í yọjú títí irin yóò fi kán.

Ní ọdún 1875, ọ̀gbẹ́ni William Johnson, ará Ìlú Ọba, kọ̀wé nípa rẹ̀ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ri wáyà irin bọ inú ásíìdì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wáyà tí ó ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ wá kán ní títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ó fi omi kan ojú ibi tí ó kán, omi náà hó bí ọṣẹ. Gáàsì háídírójìn ni ó wọ inú irin. Nígbà tí gáàsì náà jáde tán, agbára irin padà.

Háídírójìn ni ó kéré jù lọ nínú gbogbo èròjà ayé. Ó ń gba àárín irin kọjá, ó sì ń kóra jọ síbi tí irin ti ń fà jù. Ohun ìyanu ni pé irin tí ó le jù ni ó tètè ń kán.

Kí ni èyí kan Àgbádárìgì? Ní ọdún 2003, Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana fọwọ́ sí àdéhùn páìpù gáàsì ní Dakar. Páìpù náà gùn ní kìlómítà 678. Láti Ìtòkí ni ó ti wá wọ òkun ní etíkun Àgbádárìgì, tí ó sì lọ títí dé Takoradi. Kí omi iyọ̀ má baà jẹ irú páìpù bẹ́ẹ̀, a máa ń so irin mìíràn, bíi síǹkì, mọ́ ọn kí òkun lè jẹ ìyẹn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ààbò yìí bá kọjá ìwọ̀n, háídírójìn yóò máa yọ lójú páìpù, yóò sì wọ inú rẹ̀. Oògùn ìdógùn-ún á wá di àrùn mìíràn.

Gáàsì tí ń rùn bí ẹyin jíjẹrà náà ń gbé háídírójìn wọ inú irin. Ní Kashagan, ní ilẹ̀ Kazakhstan, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ní oṣù kẹwàá, páìpù ti sán. Ó di ọdún 2016 kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti páìpù tiwa, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ni ó bà á jẹ́ nítòsí Lome ní ọdún 2012, kì í ṣe àrùn yìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni gáàsì kò fi dé Ghana. Ẹ wo bí ìpalára ojú kan ti ká orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ kò!

Lónìí, àwọn orílẹ̀-èdè kan ń gbèrò láti fi háídírójìn gba inú páìpù àtijọ́. Kí àwa náà tó dáwọ́ lé e, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ irin, kí a sì máa yẹ inú rẹ̀ wò déédéé. Dídán ojú irin kì í ṣe ìlera inú rẹ̀.