Àbíkú àti Dòjé: Bí Ayé Ṣe Rí Ohun Tó Fara Pamọ́ Sínú Ẹ̀jẹ̀

 

Ìbéèrè kan rèé: ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Málọmọ́? Tàbí Kòkúmọ́? Tàbí Dúrójayé? Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ wọ̀nyẹn. Ìyá tó ti sin ọmọ méjì, mẹ́ta, ló ń bẹ ìkẹrin pé kó dúró. Àbíkú ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú rẹ̀ lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá tún padà wá.

Ohun púpọ̀ ló ń pa ọmọdé nígbà yẹn, ibà wà níbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, ló mú púpọ̀ nínú wọn lọ. Báwo ni ayé ṣe wá mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí erékùṣù Grenada, níbi tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó baba ńlá ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Lọ́dún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Walter Clement Noel, kúrò níbẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Chicago, l'Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, àìsàn gbé e dé ọsibítù. Dókítà kékeré kan, Ernest Irons, fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń rí roboto, bíi pọfupọ́ọ̀fù tí wọ́n fi ìka tẹ̀ láàárín. Èyí tí Irons rí tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1910. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, ó ń tọ́jú eyín. Ọdún 1916 ló kú, ẹni ọdún 32 péré.

Wọ́n ti rí dòjé, ṣùgbọ́n kí ló tẹ̀ ẹ́? Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi iná mànàmáná dán hemoglobin wò. Hemoglobin ni pùròtéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Ti ẹni tó ní àrùn náà kò rìn bíi ti ẹlòmíràn. Ẹni tó jẹ́ AS ńkọ́? Oríṣi méjèèjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Vernon Ingram ní Cambridge ló wá tú u tán, láàárín 1956 sí 1957. Ẹ wo pùròtéènì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Amino acid ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Okùn 4 ló wà nínú hemoglobin kan, ìlẹ̀kẹ̀ 574 lápapọ̀. Lórí méjì nínú okùn náà, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ló yí padà: glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀, valine ló jókòó síbẹ̀. Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine kò fẹ́ ẹ. Nítorí náà, tí hemoglobin bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, á dí ojú iṣan tóóró, ìrora á bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Èyí tó tẹ̀ kì í sábà ju 20 lọ.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa? Lọ́dún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í lè tètè pa ọmọ tó jẹ́ AS. Ìdí nìyẹn tí AS fi ràn láàárín wa. Ní Nàìjíríà, ó tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin.

Tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, ó ti tán o. Oyún kọ̀ọ̀kan, tuntun ni.

Ọmọ tí wọ́n sàmì sí lára yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ló yí padà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ní ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, àwa ní. Kí ìfẹ́ tó wọ̀ yín lára jù, ẹ lọ mọ genotype yín, kí ẹ sì bi olólùfẹ́ yín léèrè tirẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.